Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Máàkì Ẹ̀gbẹ́ Orúkọ Lórí Ayélujára

Lẹ́tà púpọ̀ ló wọlé lórí máàkì tí àwọn gbàgede ìjíròrò orí ayélujára máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ènìyàn. A mú mẹ́rin níbẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́. Mo rí ìdáhùn kan tí kò pé lórí Stack Overflow, gbàgede ìbéèrè àti ìdáhùn àwa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní máàkì mi ò tó. Ṣé owó ni wọ́n fẹ́ gbà ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

Kì í ṣe owó. Máàkì 1 ni gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, bó sì ṣe ń lé sí i ni àṣẹ ń pọ̀ sí i. Tó bá pé 15, ẹ lè dìbò àtìlẹ́yìn fún ohun tí ẹlòmíì kọ. Tó bá pé 50, ẹ lè sọ̀rọ̀ sábẹ́ ìdáhùn ẹnikẹ́ni. Ìbò àtakò ń dúró de 125, àtúnṣe sórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì láìtọrọ àṣẹ ń dúró de 2,000. Sábẹ́ ìbéèrè tàbí ìdáhùn tiyín, ẹnikẹ́ni ò ní dí yín lọ́wọ́.

Ìbò àtìlẹ́yìn kan lórí ìdáhùn yín ń mú 10 wá. Bí ẹni tó béèrè bá fọwọ́ sí i pé ìdáhùn yín ló yanjú ọ̀ràn òun, 15 nìyẹn. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí ènìyàn márùn-ún tì lẹ́yìn á gbé yín dé 51. Ẹ má ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe, kí ẹ lọ kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà sínú àpótí ìdáhùn. Wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n sì lè dìbò àtakò fún un, èyí tó ń yọ 2.

Mo máa ń fara balẹ̀ kọ ìdáhùn tó kún, àmọ́ ẹni tó sáré kọ ìlà méjì ló ń kó ìbò lọ. Kí ló dé? — Bàbá Táyọ̀, Peckham

Ohun méjì ló fà á, Bàbá Táyọ̀. Èkíní ni àkókò: ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ọ̀pọ̀ ojú kọ́kọ́ rí, ìbò tó rí gbà sì ń gbé e sókè ojú ìwé, níbi tí ojú mìíràn á tún ti rí i. Èkejì ni pé ìbò ń fa ìbò, bí èrò tó wà lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ kan ṣe máa ń fa èrò mìíràn wá. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Lev Muchnik, Sinan Aral àti Sean Taylor, dán èyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2013. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó lé ní 100,000 lórí ibi ìròyìn kan, wọ́n sì fún àwọn kan nínú wọn ní ìbò àtìlẹ́yìn kan ṣoṣo láìwo ohun tó wà nínú wọn. Máàkì ìkẹyìn àwọn wọ̀nyí fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn. Àwọn tí wọ́n fún ní ìbò àtakò ńkọ́? Àwọn òǹkàwé dìde, wọ́n fi ìbò tiwọn gbé wọn padà sókè.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbé kókó ìdáhùn jáde ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó péye, kí ẹ tó padà wá fi ìyókù kún un. Àwọn tó ń sáré yẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń ṣe é.

Reddit, gbàgede ìjíròrò ńlá kan, wá ojútùú mìíràn ní 2009. Dípò kí wọ́n ka ìbò lásán, ìṣirò Wilson ni wọ́n fi ń to àwọn ọ̀rọ̀: ìdá àwọn tó fara mọ́ ọ ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì gé e kù bí àwọn tó dìbò bá kéré. Tí a bá fi ìdánilójú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó rí ìbò àtìlẹ́yìn 1 nínú ìbò 1 á gba ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún péré. 10 nínú 10 á gba 72, 60 nínú 100 á gba 50. Ẹni tó pẹ́ dé tó sì kọ ohun gidi ṣì lè bọ́ síwájú.

Ẹgbẹ́ olùkọ́ ni wá, a tó 300, a fẹ́ dá gbàgede tiwa sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká fi máàkì sí i. Àwọn àgbà ní ọmọ àná kan ò ní máa dìbò àtakò fún àwọn. — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òṣogbo

Àwọn àgbà yín ò kúkú jẹ̀bi. Olùwádìí Justin Cheng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ibi ìjíròrò ńlá mẹ́rin wò ní 2014. Ẹni tí wọ́n bá dìbò àtakò fún kì í dákẹ́: ńṣe ló ń kọ sí i, ohun tó ń kọ ń burú sí i, òun náà sì ń dìbò àtakò fún ẹlòmíì. Ẹ yọ ìbò àtakò kúrò pátápátá. Fún èébú àti jìbìtì, ẹ fi bọ́tìnì kan síbẹ̀ tó ń gbé ẹjọ́ lọ bá alábòójútó ní kọ̀rọ̀.

Discourse, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dá gbàgede ìjíròrò sílẹ̀, la máa bá yín mú. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ ó sanwó ẹ̀rọ tí yóò gbé e. Jeff Atwood tó wà nídìí Stack Overflow ní 2008 wà lára àwọn tó ṣe é, lọ́tẹ̀ yìí kíkà ni wọ́n ń wọ̀n ṣáájú ìbò. Ìpele 0 dé 4 ló ní, bí ìpele ẹni bá sì ṣe ń ga ni àṣẹ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Láti dé ìpele 1, ènìyàn ní láti ṣí àkòrí 5, kó ka ọ̀rọ̀ 30, kó sì fi ìṣẹ́jú 10 kàwé. Ìpele 2 ń béèrè ọjọ́ 15 tó wọlé àti ọ̀rọ̀ 100 tó kà, pẹ̀lú èsì nínú àkòrí 3. Ìpele 3 ló máa dá wàhálà sílẹ̀: ó fẹ́ kí ènìyàn wọlé ní ìdajì ọjọ́ 100 tó kọjá, ẹni tí kò bá sì ṣe é mọ́ á já bọ́. Olùkọ́ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ìdánwò? Ẹ wọ ibi ètò, kí ẹ dín in kù. Ìpele 4, alábòójútó ló ń fi ènìyàn síbẹ̀. Ẹ fi àwọn àgbà yín síbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Slashdot, ibi ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ kan, kọ ọ́ rí, àwọn èèyàn sọ ọ́ di eré ìje, àwọn tó ń darí ibẹ̀ sì fi ọ̀rọ̀ bíi «dára» àti «dára gan-an» rọ́pò rẹ̀.

Ṣé èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lè máa dìbò fún ara wa? — T.A., Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ lè ṣe é, kò ní pẹ́. Stack Overflow ní ètò kan tó ń wá ẹni tó ń da ìbò jọ sórí ẹnì kan náà lójoojúmọ́. Tó bá rí i, á kó gbogbo máàkì náà padà.