Kílíà lórí ideri ẹ́ńjìnnì tí a ti dán: ohun tí ojú mi rí ní Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, arákùnrin wa ní Oǹdó. Ẹ ní ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dán ideri kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù yín títí tí ẹ fi ń rí ojú yín nínú rẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ irú kílíà, ìyẹn ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ tí a fi ń bo ojú nǹkan, tí ẹ lè fọ́n sí i àti iye ìgbà tí ẹ máa fọ́n ọn, kí ó má baà ṣá mọ́. Ó di dandan kí n dá yín lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọ eegun.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo tú ideri ẹ́ńjìnnì Honda CG125 tí bàbá mi fi ń lọ oko kòkó ní Ìdànrè. Sáńpépà 400, 800, 1500 àti 2000, lẹ́yìn náà aṣọ àti ìpara ìdán: ẹ ti ṣe gbogbo ìyẹn, n kò ní tún un sọ. Sátidé mẹ́ta ni mo fi ṣe é, èékánná mi sì dúdú bí ti alágbẹ̀dẹ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá apẹ́ńtà kan tí ó gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ sára ògiri, mo bi í bóyá kílíà tí wọ́n ń fọ́n sára ọkọ̀ lè dúró lórí ẹ́ńjìnnì. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ iléèwé, ó ní, “Kílíà ni kílíà ń jẹ́.” Mo gbà á gbọ́, mo sì san owó.

Oṣù keje ni, òjò sì ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀. Bí ó ti ń fọ́n ọn ni mo ń rí i tí ojú ideri náà ń funfun bí omi ògì. Tínà, omi tí a fi ń po ọ̀dà kí ó ṣàn, tí ó bá ń yára gbẹ máa ń mú ojú ideri tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a sì sẹ̀ lé e bí ìrì, a há sínú kílíà. Ọ̀gá ní yóò kúrò bí ó bá gbẹ. Kò kúrò. Ó tún un fọ́n, a gbé e sínú oòrùn lọ́jọ́ kejì, ó mọ́ díẹ̀, mo sì dè é padà pẹ̀lú ìdùnnú tí kò pé oṣù méjì.

Ibi tí ideri náà ti sún mọ́ sílíńdà ni ó kọ́kọ́ pọ́n, bí òróró tí ó ti pẹ́ jù lórí iná. Lẹ́yìn náà ni òkúta wẹ́wẹ́ kan ta bá a nísàlẹ̀. Ojú ibẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ kílíà, tí ó ń yà sọ́tùn-ún, tí ó ń yà sósì, bí ipa kòkòrò nínú ewé. Mo fi èékánná tọ́ ọ, kílíà náà sì ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣí i lọ, n kò lè dáwọ́ dúró.

Alumíníọ̀mù ni a fi ṣe ideri náà, alumíníọ̀mù kì í sì í dípẹtà bí irin; awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń bo ojú rẹ̀ ní kété tí afẹ́fẹ́ bá kàn án, awọ náà ni ó sì ń dáàbò bò ó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú tí a dán bí dígí kò ní ibi tí ọ̀dà lè dì mú, òróró inú ìpara ìdán sì tún wà níbẹ̀ tí ojú kò rí i. Bí ẹ bá sì fi sáńpépà họ ọ́ kí kílíà lè dì í mú, dídán tí ẹ tìtorí rẹ̀ jìyà ti lọ nìyẹn. Ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri yẹn kò sọ èyí fún mi kí n tó náwó.

Sílíńdà àti ibi tí sàléńsà ti jáde, ẹ má fọ́n ohunkóhun sí i. Omi ń hó ní 100 sẹ́ńtígíréèdì, ibẹ̀ sì ń gbóná kọjá ìyẹn dáadáa. Wáàsì pàápàá kò lè dúró níbẹ̀, nítorí carnauba, ìda ara ewé ọ̀pẹ kan tí a fi ń ṣe é, máa ń yọ́ ní nǹkan bí 85. Ideri kílọ́ọ̀ṣì kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá gbà á láìfọ́n ọn, kílíà alágolo méjì, èyí tí a ń po hádénà, oògùn tí ń mú un le, mọ́, ni kí ẹ lò, ní ọ̀sán ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi tínà mímọ́ nù ún títí tí aṣọ funfun kò fi ní dúdú mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún hádénà yẹn o. Kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ isocyanate wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà kòrónà kò lè dá a dúró, ìbòmú tí ọ̀pá ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wá sínú rẹ̀ láti ibòmíràn ni ó yẹ ẹ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá yẹn so mọ́ imú. Ó ń wúkọ́, ọ̀gá rẹ̀ ń ka owó.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tí ń fọ ọkọ̀. Ideri kejì tí n kò fọ́n kílíà sí, ọ̀kan nínú wọn po ọṣẹ dúdú mọ́ sóódà fọ̀ ọ́, ó sì ṣú bí ìdí ìkòkò. Eérú èèpo kòkó tí a fi ń se ọṣẹ dúdú níhìn-ín kò yàtọ̀ púpọ̀ sí sóódà lójú alumíníọ̀mù. Méjèèjì ń jẹ ẹ́ ni. Omi àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ ti tó. Kí ẹ tó de ideri yín padà, ẹ fọ inú rẹ̀ dáadáa, nítorí ìyẹ̀fun sáńpépà tí ó bá bọ́ sínú ọ́ìlì yóò jẹ ẹ́ńjìnnì láti inú.

Ideri tèmi kò ní kílíà mọ́ báyìí. Wáàsì ni mo ń fi pa á ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ẹ bá ti fọ́n tiyín kí ẹ tó ka èyí, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ fi oògùn tí àwọn apẹ́ńtà fi ń bó ọ̀dà pa á, kí ẹ fi nǹkan bò ó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì fi igi pẹlẹbẹ tì í kúrò.