Táyé kò ṣe Àmín mọ́ láti ọjọ́ tí omi ti wọlé wa

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀gbẹ́ Asheville ní North Carolina là ń gbé. Orí òkè ni ibẹ̀, òkun sì jìnnà sí wa gan-an, ta ló máa ń retí ìjì òkun níbẹ̀? Àmọ́ òjò ti ń rọ̀ ṣáájú, nígbà tí ìjì Helene wá dé ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, odò Swannanoa kún àkúnya, ó sì wọlé wa títí dé ìdajì fèrèsé. Aṣọ ọrùn wa la fi sá jáde. Ní Asheville, ọjọ́ 53 gbáko ló kọjá kí omi ẹ̀rọ tó ṣeé mu tó padà.

Ìbejì ni àwọn ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn méjèèjì ló ka Sáàmù 91 fún wa láti òkè délẹ̀. Ní báyìí, tí a bá gbàdúrà, Táyé kì í ṣe Àmín mọ́. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ bi mí pé, “Mọ́mì, àwọn tó wà níwájú ilé wa kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣé Jésù ò gbọ́ tiwa ni?” Mi ò rí nǹkan kan sọ. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa ní kí n lọ yẹ ara mi wò, bóyá a ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀tá. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu lásán ni mo fi ń kọrin. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ìrètí fún ọmọ nígbà tí ìrètí tòun fúnra rẹ̀ ti ń tán?

Ìyá Ìbejì

*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu omi. Ẹ kú àfaradà. Olúwa kò ní jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀.

Katy, lẹ́bàá Houston, lèmi àti ìdílé mi ń gbé. Ìjì Harvey wọ Texas ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2017. Kò kọjá lọ bí ìjì ṣe máa ń kọjá. Ńṣe ló jókòó lé wa lórí, tó ń da òjò sílẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ní ìlú Nederland ní Texas níbí, òjò náà ju 60 ínṣì lọ kó tó dá. Ilé wa wà lẹ́yìn dáàmù Barker, níbi tí omi máa ń kóra jọ sí tí òjò bá ti pọ̀ jù. Ẹni tó ta ilé fún wa kò mẹ́nu bà á. Mo jí lóru, mo gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì ń léfòó. Ọkùnrin apẹja kan tí a ò mọ̀ rí ló fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé wa jáde lójú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin mi nígbà náà. Bàtà tó ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì léfòó kọjá níwájú rẹ̀, ó ń wò ó, kò sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti arábìnrin yẹn, torí inú bí mi nígbà tí mo kà á. Ìjì Helene pa èèyàn tó lé ní 100 ní ìpínlẹ̀ yín nìkan. Ṣé gbogbo wọn ló ṣí ilẹ̀kùn? Ẹ ṣí Lúùkù orí 13. Ilé ìṣọ́ kan wó ní Sílóámù, ó pa èèyàn 18. Jésù fúnra rẹ̀ ló bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n rò pé àwọn yẹn ló dẹ́ṣẹ̀ jù ní Jerúsálẹ́mù, òun náà ló sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Èsì tó wà níbẹ̀ kò ṣókùnkùn rárá. Ẹ ṣì lè máa kí arábìnrin náà, ẹ lè máa bá a jẹun, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹlòmíràn tí ẹ ó máa bá gbàdúrà fún ìgbà díẹ̀.

Ní ti Sáàmù 91, èmi náà kà á lóru Harvey. Àwa Yorùbá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, nígbà míì ńṣe là ń kà á bí ẹni tó so ońdè mọ́ra. Sáàmù yẹn gan-an ni Sátánì kà fún Jésù lórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì pé kó bẹ́ sílẹ̀, pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbé e. Jésù kò bẹ́. Mi ò sọ pé kí ẹ má kà á mọ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ọmọ yín rò pé ẹ ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé omi kò ní wọlé, àti pé Ọlọ́run ló yẹ àdéhùn. Ìdí nìyẹn tí Táyé fi ń bínú. Ẹ sọ fún un pé ìlérí yẹn kọ́ ni Ọlọ́run ṣe. Nínú Àìsáyà 43, ohun tó sọ ni pé tí o bá ń la omi kọjá, òun yóò wà pẹ̀lú rẹ. Omi wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Èmi ò mọ èyí sọ fún ọmọ tèmi nígbà náà. Àṣìṣe mi pọ̀. Tó bá ti la ẹnu, màá ní, “Dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà, ẹ̀mí ló jù.” Ọ̀rọ̀ tó dáa ni, ṣùgbọ́n mo ń fi dí i lẹ́nu ni. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kò bi wá ní nǹkan kan mọ́, mo sì rò pé ó ti gbàgbé. Àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ka Máàkù orí 4, níbi tí ìjì ti dé, tí Jésù sì ń sùn lórí ìrọ̀rí ní ìdí ọkọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jí i, wọ́n ń bi í bóyá kò kàn án tí àwọn bá ṣègbé. Ọmọ yìí dá mi dúró. Ó ní, “Dádì, wọ́n pariwo mọ́ ọn. Kò sì lé wọn sọ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.”

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ka ibẹ̀, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Láti alẹ́ yẹn la ti gbà á láyè. Àdúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, “Jésù, kí ló dé tí o fi sùn?” Ìyàwó mi wò mí, mo ṣe Àmín. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, Àmín tí Táyé kò ṣe yẹn, ẹ má fipá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àdúrà tí kò gbà gbọ́ ló kọ̀ láti fọwọ́ sí. Ẹ bi í pé kí ni òun fẹ́ sọ fún Ọlọ́run, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èyíkéyìí tó bá jáde. Ẹ ka Sáàmù 69 fún un, tí ẹni tó kọ ọ́ wà nínú omi tó jìn tó ń ké gbà mí. Tí ó bá ku ẹ̀yin nìkan lálẹ́, ẹ ka Sáàmù 88. Òkùnkùn ni Sáàmù yẹn parí sí, kò sí ọpẹ́ kankan nídìí rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Ẹ béèrè bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ìrètí nígbà tí tirẹ̀ ti ń tán. Tiwa wọ bàtà rọ́bà wá ni. Omi ti fà, ilé ti ń rùn, ògiri ti ń bu, a ò ní insọ́ránsì omíyalé torí insọ́ránsì ilé lásán kì í san ti àkúnya omi níbí (ẹ yáa ra tiyín lọ́tọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yóò tó 30 ọjọ́). Àwọn àgbàlagbà kan dé nínú ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, àwọn Onítẹ̀bọmi tó máa ń kó ẹrẹ̀ kúrò nílé àwọn tí àjálù bá. Wọ́n gé sheetrock, pátákó tí wọ́n fi ń ṣe ògiri inú ilé níbí, kúrò káàkiri ilé, wọ́n fa kábíńẹ́ẹ̀tì ìdáná yọ, wọ́n sì gbé fìrísà tí ẹran ti jẹrà sínú rẹ̀ jáde, iṣẹ́ tí èmi onílé ò lè ṣe láì bì. Ọ̀kan nínú wọn yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ balùwẹ̀ wa. Kò wàásù. Ọmọ mi bi í bóyá Jésù ló rán an. Ó ní, “Orúnkún mi ń dùn mí, ọmọ mi. Tí kì í bá ṣe òun ni, ilé ni mi ò bá wà.”

Mo rántí màmá mi lọ́jọ́ yẹn. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Òkè-Àdó la sì wà nígbà tí odò Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ọjọ́ Àìkú ni. Ó lé ní igba èèyàn tó bá a lọ. Àdìrẹ ni màmá mi ń tà, gbogbo igbá rẹ̀ ló di ẹrẹ̀. Nígbà tí ìkórè dé lọ́dún náà, ó fọ ìwọ̀n tó kù nínú aṣọ náà, ó lọ̀ wọ́n, ó kó wọn lọ síwájú pẹpẹ. Àwọ̀ wọn ti ṣá, ẹrẹ̀ ṣì hàn lára wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àlùfáà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì.

Kẹ́hìndé yóò tún bi yín bóyá gbogbo nǹkan máa padà sí bó ṣe wà. Ẹ má purọ́ fún un. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ẹ fi hàn án nínú Jòhánù orí 20 pé nígbà tí Jésù jí dìde, ojú ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi han Tọ́másì. Ó wà láàyè, ó sì ní àpá. Ìyẹn ni mo dì mú, àwọn nǹkan tó kù ṣì ń rú mi lójú.

Tí ẹ̀rù òjò bá ń bà wọ́n lóru, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá sùn sí yàrá yín. Ẹ rí olùgbaninímọ̀ràn ilé ìwé wọn, kò túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ yín kéré. Tí wọ́n bá sì ń ṣe iṣẹ́ àtúnṣe nílé ẹlòmíràn ládùúgbò yín, ẹ mú àwọn ìbejì dání, kí wọ́n máa pín omi fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó ran tèmi lọ́wọ́ ju ìwàásù mi lọ.

Ọmọ ọ̀hún ti dàgbà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò rọ̀ gan-an lóru, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo jáde sí kọ́rídọ̀. Òun ni, ó ń kó bàtà gbogbo wa lọ sókè, lẹ́sẹẹsẹ. Ó kí mi, ó gbàdúrà kúkúrú kan lórí àtẹ̀gùn, ó sì padà lọ sùn.