Ọjọ́ tìrẹ ọ̀tọ̀, ọjọ́ ọ̀kadà rẹ ọ̀tọ̀

Àbúrò mi, o ní Kútọnù lo ń gbé, pé ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí 90 ọjọ́ inú pásípọ́ọ̀tù rẹ pé, o sì ń béèrè bóyá kí o gun ọ̀kadà rẹ tó ní nọ́ḿbà Èkó lọ sí Lomé ní Tógò kí o sì padà, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tuntun fún ọ, àbí kí o gba Sẹ̀mẹ̀, ibodè Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, wálé. Máa bọ̀ nílé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe yìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ná mi lówó.

Ẹni tó bá wà lórí ọ̀kadà ní ẹnu ibodè, ará àdúgbò ni wọ́n máa ń pè é. Mọ́tò á tò, ọ̀kadà á máa gba àárín wọn kọjá, àwọn tó ń gbé nítòsí tí wọ́n ń lọ sọ́jà kì í sì í dúró. Lọ́jọ́ kan báyìí, èmi náà wà láàárín wọn. Ọkùnrin kan fọwọ́ júwe pé kí n máa lọ, mo bá lọ. Inú mi dùn gan-an. Lọ́jọ́ kẹrin tí mò ń padà, ọ̀gá tó gba pásípọ́ọ̀tù mi ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ní ọjọ́ wo ni mo jáde. Mo ní ọjọ́ Ajé. Ó ní kí n fi òǹtẹ̀ rẹ̀ han òun. Kò sí. Lójú ìwé, mi ò tíì kúrò ní Bẹ̀nẹ̀ rárá, ọjọ́ mi sì ti kọjá 90. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti wà lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, owó ọjà tó wà lápò mi ló bá ìtanràn lọ. Ọ̀gá yẹn kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mi ò sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, sọ̀ kalẹ̀. Gbé ọ̀kadà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tì í pa, fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ bá wọn. Má fi pásípọ́ọ̀tù rẹ lé ọmọ kankan lọ́wọ́ pé ó fẹ́ bá ọ sáré. Òǹtẹ̀ méjì lo gbọ́dọ̀ gbà: ti ìjáde níbi tí o ti ń kúrò (ti Bẹ̀nẹ̀ á kọ «sortie»), àti ti ìwọlé níbi tí o ń lọ. Ka déètì ara wọn kí o tó gun ọ̀kadà padà.

Ti ọ̀kadà fúnra rẹ̀ wá kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Àdéhùn ECOWAS (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà) ti 1979 fún ọmọ ìlú ní 90 ọjọ́ láìsí físà, ó sì fún ohun ìrìnnà àdáni náà ní 90 ọjọ́ bí ìwé rẹ̀ bá pé. Ṣùgbọ́n laissez-passer, ìyẹn ìwé àṣẹ fún ọ̀kadà láti wà nílùú wọn, tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá já fún ọ, iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ni wọn yóò mú ọ sí. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n kọ sí tèmi. Ọjọ́ púpọ̀ lè ṣẹ́ kù sí tìrẹ, kí ti ọ̀kadà ti tán tipẹ́. Lọ wò ó lónìí.

Ìdí tí mo fi ní kí o wálé nìyẹn. Bí o bá gba Sẹ̀mẹ̀, ìwé kan péré lo máa dá padà. Bí o bá gbé e lọ sí Lomé, wàá dá ti Bẹ̀nẹ̀ padà ní Hilla-Condji, ibodè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, wàá gba ti Tógò, wàá dá ìyẹn náà padà bí o bá ń bọ̀, wàá tún wá gba ti Bẹ̀nẹ̀ tuntun. Ìwé adójútòfò Nàìjíríà nìkan kò sì tó, Brown Card, ìwé adójútòfò ti ECOWAS, ni wọn yóò béèrè. Bí òwò bá sọ Lomé di dandan, tí ọjọ́ ìwé ọ̀kadà sì ṣì kù, fi í sílé kí o wọ takisí. Rántí pé aago Tógò fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Kútọnù, kí ìwọ àti ẹni tí o fẹ́ bá pàdé má baà ṣi ara yín gbọ́ lórí aago.

Oṣù mẹ́ta kì í ṣe 90 ọjọ́ o. Ẹni tó wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ló pé 90, nítorí ọjọ́ ìwọlé wà nínú rẹ̀. Àwọn tó kà á sí ìparí oṣù ti jìyà.

Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà lórí ìwé ọ̀kadà, gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó kúrò nílé. Akoto ńkọ́? Dé e. Bí o bá sì mọ̀ pé ọdún méjì, mẹ́ta lo fẹ́ lò níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìgbélùú rẹ nísinsìnyí, torí òǹtẹ̀ tuntun kò sọ ọ́ di olùgbé.

Má lo ọjọ́ mẹ́jọ yẹn tán. Ìdájí ni kí o gbéra, kí o bá wọn lórí tábìlì kí èrò tó pọ̀.