Má ta mọ́nítọ̀ yẹn o

Àbúrò, o ní mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ tí o rà ń dún bí ẹ̀fọn inú ìgò, pé ₦10,000 péré ló ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́, o wá ń bèèrè bóyá kí o tà á, kí o fi owó rẹ̀ ra èyí tí sípíkà rẹ̀ lágbára. Má tà á. Èmi ta tèmi. Íǹṣì 22 ni, mo fowó kún un, mo ra íǹṣì 24 tí ẹni tó tà á fún mi búra pé ohùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo gbé e délé, mo tan fíìmù, ẹ̀fọn kan náà ni, àfi pé ìgò rẹ̀ tóbi sí i.

Nígbà tí mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí sípíkà méjì tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ méjì lọ, wọ́n kọ 2W (wáàtì méjì, ìwọ̀n agbára rẹ̀) sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọjú sẹ́yìn. Ògiri ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ohùn tó jinlẹ̀ ń fẹ́ àyè tí afẹ́fẹ́ á ti máa rìn, ike tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì láyè kankan. Jẹ́ kí mọ́nítọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún ojú, kí o wá ohun tí yóò ṣiṣẹ́ fún etí lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n kí o tó ná kọ́bọ̀ kan, tẹ bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ mọ́nítọ̀ náà, wọ inú menu rẹ̀, kí o wo volume. Tèmi wà lórí 30 nínú 100, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń yí ti Windows sókè lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ àmì sípíkà tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà, wo ibi tó ń darí ohùn sí. Tí o bá ti ki wáyà HDMI bọ̀ ọ́, Windows lè kó ohùn lọ sínú mọ́nítọ̀ láì bi ọ́. Wàá wá ki sípíkà sára láptọ́ọ̀pù, kò ní dún, wàá ní ó ti bàjẹ́, kò sì bàjẹ́.

Wo wáyà tí o ń lò náà. HDMI àti DisplayPort ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀. VGA, aláwọ̀ búlúù tó ní ìṣó méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán nìkan ló ń gbé. Tó bá jẹ́ HDMI ni, tí ihò earpiece sì wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀, o lè ki sípíkà síbẹ̀. Fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí i o, torí lára àwọn mìíràn, ibi tí ohùn ń gbà wọlé ni, kì í ṣe ibi tó ń gbà jáde.

Ohun tó jẹ owó mi lásán jù ni sípíkà kékeré tí wọ́n ń ki sí USB. Wọ́n kọ 1000W PMPO (iye tí wọ́n fi ń fọ́nnu lórí ọjà) gàdàgbà sára páálí rẹ̀, ojú mi sì wọ̀ ọ́. Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀: ihò USB 2.0 lásán kì í fún nǹkan tí a ki bọ̀ ọ́ ju 5V àti 0.5A lọ. V lọ́nà A ló ń di W: 5 lọ́nà 0.5, 2.5W ni. Níbo ni ẹgbẹ̀rún wáàtì ti fẹ́ wá? RMS, agbára tó lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró, ni kí o máa wò. Tí wọn ò bá kọ RMS, fi í sílẹ̀ lórí àtẹ.

Mo ti rà á ná, mo sì gbé e délé. Ó ń kùn hùùùù bí oyin inú àgbá. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ohùn á mọ́ tónítóní. Tí iná bá dé, ìkùn á dé. Ó pẹ́ kí n tó fura sí ṣájà láptọ́ọ̀pù. Iná tí sípíkà ń jẹ àti ohùn tó ń gbà jọ ń ti ara láptọ́ọ̀pù kan náà wá, wáyà ilẹ̀ (ground) méjèèjì wá ṣe òrùka, ariwo ṣájà sì ń yí po nínú rẹ̀. Mo yọ USB rẹ̀, mo ki í sórí ṣájà fóònù, wáyà ohùn nìkan ni mo fi sílẹ̀ lára láptọ́ọ̀pù. Ó dákẹ́ lọ́gán. Ṣájà gidi ni kí o lò, torí jákujàku ṣájà náà ní ariwo tirẹ̀.

Èyí tí mo ń lò di òní, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe l'Ógùnpa ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi wá sípíkà méjì tó bára mu lára òkú rédíò: íǹṣì mẹ́rin, 8 ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́), tí páálí ojú rẹ̀ kò ya. (Má fúnra rẹ tú tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá ayé àtijọ́ nítorí sípíkà o. Iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí o ti yọ wáyà rẹ̀ lára iná tipẹ́.) Mo wá ra pátákó amplifier kékeré kan, ohun tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, PAM8403 ni wọ́n ń kọ sórí ṣíìpù rẹ̀, kò tó páálí ìṣáná. 5V ló ń jẹ. Ó lè fún sípíkà 4 ohm ní nǹkan bí 3W. 8 ohm tèmi kò rí tó bẹ́ẹ̀ gbà, síbẹ̀ ó ti pọ̀ jù fún yàrá mi.

Pátákó àkọ́kọ́ jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Mo so wáyà dúdú sípíkà méjèèjì pọ̀, bí mo ti máa ń rí i nínú rédíò. Òun kò gba bẹ́ẹ̀. Wáyà mẹ́rin ni, méjì fún ọ̀tún, méjì fún òsì, kí wọ́n má pàdé, kí ìkankan má sì kan wáyà ilẹ̀. Èkejì, ṣájà router oní-12V ni mo fi pa á. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀kẹta dún, ṣùgbọ́n kò ní béèsì, ìyẹn ohùn tó jinlẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù ń dún bí ẹni pé inú agbárí mi ló wà. Bàbá ní kí n mú bátìrì rímóòtù kan wá, 1.5V, kí n fi kan ẹnu sípíkà wẹ́rẹ́, orí bátìrì sí ibi àmì pupa. Ti àkọ́kọ́, páálí ojú rẹ̀ yọ síta. Ti èkejì sá wọlé. Ẹnì kan ti yí wáyà rẹ̀ padà kó tó dé ọwọ́ mi: bí ọ̀kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń fà á sẹ́yìn. Mo yí wáyà ọ̀kan ṣoṣo padà, béèsì wọlé gbì.

Má lò wọ́n níhòòhò, kó wọn sínú àpótí. Garawa ọ̀dà oní-lítà mẹ́rin ni mo lò, mo gé ojú ìdérí rẹ̀, mo ki fọ́ọ̀mù tìmùtìmù àtijọ́ sínú rẹ̀. Kò rẹwà, ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí. Mo gé sílípáàsì balùwẹ̀ tó ti já, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn kí tábìlì má bàa máa gbọ̀n, mo gbé wọn sókè kan etí, mo kọjú wọn sí ibi tí mo ń jókòó. Ìyẹn ò ná mi ní kọ́bọ̀, òun ni mo sì gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ jù.

Àwọn kan á ní kí o ra Bluetooth. Fún orin, kò burú. Nínú fíìmù, òṣèré lè ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó jáde. Tí o bá ti ní i nílé, tẹ J tàbí K nínú VLC, ètò tí a fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, títí ẹnu àti ohùn á fi bára mu. Fún géèmù, gbàgbé rẹ̀.

Nínú ₦10,000 yẹn, pátákó náà àti wáyà ohùn gidi ni kí o kọ́kọ́ rà. Sípíkà, tọrọ ẹ. Ilé wo ni kò ní òkú rédíò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Lálẹ́ òní, tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn mọ́nítọ̀ rẹ, kí o sọ ohun tí wọ́n kọ sí ihò tó rí roboto fún mi, kí n lè mọ irú wáyà tí màá ní kí o rà.