Tíṣà ní kí n máa kàwé fún ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ èmi náà ò mọ̀wé

Ìyá ọlọ́mọ kan tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ló ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà yìí. A gé e kúrú, a sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ bó ṣe bẹ̀ wá:

“Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún márùn-ún, nọ́sìrì ló wà. Tíṣà rẹ̀ ní ká máa kàwé fún ọmọ nílé lálaalẹ́. Ìwé kẹta ni mo kà dé tí bàbá mi fi kú. Tí ọmọ bá ti gbé ìwé dé, màá ní orí ń fọ́ mi, màá sì fún un ní fóònù kó máa wo kàtúùnù. Bàbá rẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, àmọ́ ọ̀kadà ló ń gùn, ọmọ á ti sùn kó tó wọlé. Aládùúgbò mi tún ní kí n yéé sọ Èkìtì sí i, pé òun ni ò jẹ́ kó gbọ́ òyìnbó. Ṣé èmi ni màá wá sọ ọmọ mi di olódo? Àbí kí n lọ wá owó lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé ìwé?”

Ọmọ mi, o pè mí ní Mọ̀mí, bí ìyá ni n ó ṣe dá ọ lóhùn. O ò ní sọ ọmọ rẹ di olódo. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ, torí òun ló lè ṣe ọmọ yẹn ní jàǹbá jù.

Má dákẹ́ Èkìtì sí ọmọ rẹ. Kí ọmọ tó ka ọ̀rọ̀ nínú ìwé, ó gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, kó mọ ohun tí wọ́n ń wí, kó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Tí o bá fi òyìnbó díẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ rọ́pò èdè rẹ, kí lo máa rí sọ fún un? “Come”, “sit down”, “eat”. Àṣẹ nìkan nìyẹn. O ò ní lè sọ ìdí tí kòkòrò fi ń jẹ ẹ̀wà fún un, o ò sì ní lè bi í léèrè ohun tó bí i nínú ní ilé ìwé. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún odindi ọdún mẹ́fà. Òyìnbó wà níbẹ̀, àmọ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ yìí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́ lọ, títí kan òyìnbó fúnra rẹ̀. Tí ọmọ rẹ bá pe ilé ní ulé, fi í sílẹ̀. Ìwé á fi hàn án pé ilé ni wọ́n ń kọ. Àìmọye ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Èkìtì ló jẹ́ pé ulé ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Ọ̀rọ̀ orí fífọ́ wá kù. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún tó bá ń rí i pé orí ń fọ́ ìyá òun nígbàkigbà tí ìwé bá jáde, ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé ń fa ìnira. Lálẹ́ òní, gbé e lẹ́sẹ̀, ṣí ìwé náà, kí ẹ jọ máa wo àwòrán. Bi í pé, “Ta nìyí? Kí ló ń ṣe? Kí ló máa ṣe tẹ̀ lé e?” Kó sọ tirẹ̀, kí ìwọ náà sọ tìrẹ. Tí ó bá fẹ́ ka ìwé kan náà lálẹ́ mẹ́wàá, gbà fún un, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ ọmọdé létí nìyẹn. Kò pọn dandan kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí o sì sọ òótọ́ fún un: “Màmá náà ń kọ́ ìwé.” Inú ọmọ máa ń dùn láti jẹ́ tíṣà ìyá rẹ̀.

Ìsọ̀ rẹ gan-an, ilé ìwé ni. Pa àlọ́ fún un níbẹ̀ tí ọjà bá dá: “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Fi ẹ̀wà olójú dúdú síwájú rẹ̀ kó wò ó títí yóò fi já a fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń pa àlọ́ kì í ṣeré lásán. Etí ọmọ ni wọ́n ń là sí ìró ọ̀rọ̀, etí yẹn náà ló sì máa fi mọ ìyàtọ̀ láàárín b àti gb. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí orúkọ rẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu: tó bá jẹ́ Adéọlá, A-dé-ọ-lá, pàtẹ́wọ́ mẹ́rin. Ní kó wá lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ lára páálí Maggi àti pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbẹ́ ihò ayò méjìlá sílẹ̀, ẹ fi òkúta mẹ́rin mẹ́rin sí i, 48 náà pé. Kò tíì lè ta ayò yanjú, àmọ́ bó ṣe ń jù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ lè ka ìtàn kúkurú sínú fóònù kó tó gbé ọ̀kadà jáde láàárọ̀. Kí ọmọ máa gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lálẹ́ dípò kàtúùnù, kí ìwé náà wà níwájú yín. Lọ́jọ́ Sunday, kó kà á lójúkojú.

Má wá owó lẹ́sìn. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ti jókòó ní kíláàsì láti àárọ̀, eré ló kù fún un. Fi owó náà ra ìwé àwòrán àti ìwé A B D Yorùbá, kí ìwọ àti ọmọ jọ lò ó. Lẹ́tà 25 ni, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í yí ohùn padà bíi ti òyìnbó. Ẹni tó ka ìwé kẹta kò ní pẹ́ rántí. Ní ti kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àgbà, bèèrè ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó, kí o sì bèèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín. Mo fẹ́ kí o lọ, nítorí tìrẹ náà, torí ikú bàbá rẹ ló gba ìwé lọ́wọ́ rẹ, ìwọ kọ́ lo jù ú nù.

Lọ́jọ́ Monday tí o bá lọ gbé ọmọ, dúró de tíṣà títí èrò fi máa tú tán. Sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò kàwé púpọ̀, ẹ máa fún wa ní èyí tó ní àwòrán, kí ẹ sì sọ ìtàn inú rẹ̀ fún mi ní ṣókí.” Jẹ́ kí n gbọ́ èsì tó bá fún ọ.