Ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wo ní Èkó ló tíì tú àṣírí ìwà ọ̀daràn tó le jù?

Lójú tèmi o, TheNEWS ti Ìkẹjà ni. Lóṣù Keje ọdún 1999, wọ́n gbé e jáde pé Salisu Buhari, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, parọ́ ọjọ́ orí, ó sì lo ayédèrú ìwé ẹ̀rí. Ó ní ọdún 1963 ni wọ́n bí òun, bẹ́ẹ̀ 1970 ni. Òfin ìgbà yẹn sì ní ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ 30 ọdún kò gbọdọ̀ dé ilé náà rárá. Ó tún pe ara rẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Toronto ní Kánádà; ilé ẹ̀kọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Kí oṣù náà tó parí, ó ti tọrọ àforíjì, ó sì fipò sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, àmọ́ Ààrẹ Ọbásanjọ́ foríjì í lọ́dún 2000, èyí tó ń bí mi nínú dòní.

Ẹ tún wá ìtàn Newswatch, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mìíràn ní Èkó, kà. Bọ́ǹbù inú àpò ìwé ló pa olóòtú àgbà wọn, Dele Giwa, nílé rẹ̀ n'Íkẹjà, ní 19 oṣù Kẹwàá 1986. Ilé ẹjọ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.