Ẹ má tíì ta Corolla yín nítorí mọ́tò oníná

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀yin tíṣà wa tẹ́ ẹ kọ̀wé pé Mọ́níyà lẹ̀ ń gbé, Challenge lẹ ti ń ṣiṣẹ́, Corolla 2005 lẹ̀ ń wà, ó ti wá ń mu epo bí ẹni mumi, ẹ wá ń rò ó pé kẹ́ ẹ tà á kẹ́ ẹ fowó ẹ̀ kún owó mọ́tò oníná tòkunbọ̀. Mo ti wa méjèèjì n'Ìbàdàn yìí. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn gan-an lèmi ṣe ní 2023, ó sì ń dùn mí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tójú mi tètè lọ síbẹ̀. Ẹ ní ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í kúrò nísàlẹ̀, kódà tẹ́ ẹ bá ti lo wákàtí kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjóò, àti pé mẹkáníìkì yín ní kẹ́ ẹ má dààmú, pé àlàáfíà ni. Kì í ṣe àlàáfíà o. Ó jọ pé ẹnì kan ti yọ tẹmosítáàtì mọ́tò yẹn, ìyẹn irin kékeré tó ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná sí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà. Mọ́tò tí mò ń lò nígbà yẹn ń gbóná, mo gbé e lọ sí gáréèjì, mẹkáníìkì tú u, ó na irin kékeré kan sí mi, ó ní "Bọ̀dá, ẹ wo nǹkan tó ń dà yín láàmú, òtútù ló jẹ́ káwọn òyìnbó máa lò ó, ilẹ̀ tiwa gbóná, a ò nílò ẹ̀." Mo dúpẹ́, mo tún fún un ní nǹkan lé owó iṣẹ́ ẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ò fẹ́ tutù. Bíi 90 dígírì lara ẹ̀ ti máa ń yá, tẹmosítáàtì ló ń ti ọ̀nà omi pa títí á fi gbóná débẹ̀, ìgbà yẹn ló tó máa ṣílẹ̀kùn fómi kó lọ tutù nínú rédíétọ̀. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, omi á kàn máa yí ká láìdúró, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò á máa rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan mọ́tò láàárọ̀ ni, á wá máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ, láti àárọ̀ dalẹ́. Ibẹ̀ lepo yín ń gbà lọ. Ọ́ìlì náà ò sì ní pẹ́ dọ̀tí.

Èyí tó wá pa tèmi ni omi lásán. Omi kànga ni mò ń dà sí rédíétọ̀ fún ọdún kan àbọ̀ gbáko, mi ò mọ̀ pé ó ń mú inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, pé ìpẹtà yẹn ló ń dí àwọn ihò tóótòòtó inú rédíétọ̀. Òun ló jẹ́ kí mọ́tò máa gbóná níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, yíyọ tí wọ́n yọ tẹmosítáàtì kàn bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ ni. Ọmọrí rédíétọ̀ mi náà ti rọ̀. Ẹ má fojú ìdérí lásán wò ó o, òun ló ń há agbára tó ń tẹ omi mọ́nú kó má bàa hó ní 100 dígírì, tó bá dé e dáadáa, omi lè gbóná dé bíi 120 kó tó hó. Ní December 2022, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ń bọ̀ láti Èkó, bá a ṣe dé Ògèrè báyìí, èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìn wa, mọ́tò ò lágbára mọ́. Tópù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ, orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọmọ mi kékeré ń sunkún, àwọn ọkọ̀ ńlá ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Mo tún un ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò lára ẹ̀, nígbà tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan tí ò tó ₦200 fò kọjá ₦500 lọ́jọ́ bíi mélòó kan, mo ta mọ́tò náà ní ọ̀pọ̀, mo lọ ra oníná.

Mi ò ní bú mọ́tò oníná, torí ó dùn ún wà. Kì í pariwo, kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò sí plọ́ọ̀gì, tẹ́ ẹ bá wà lójú kan nínú họ́ọ̀dù-ọ́ọ̀pù, ẹ́sì nìkan ló ń jẹ iná. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀ kó tó sáré, ó ń fi eré tó ń sá yẹn dá iná padà sí bátìrì, torí náà bíréèkì ẹ̀ kì í tètè jẹ. Àmọ́ mi ò mọ ohun tó yẹ kí n yẹ̀ wò. Ẹni tó tà á fún mi fi ìlà bátìrì hàn mí, ó kún dẹ́múdẹ́mú, mi ò mọ̀ pé ìlà méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń sọ iye iná tó wà nínú ẹ̀ báyìí, èyí tó tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń sọ bí bátìrì fúnra ẹ̀ ṣe gbó sí. Àmì kéékèèké tó wà lórí ìlà kejì yẹn yẹ kó pé 12, mẹ́sàn-án ló kù lára tèmi. Mọ́tò tó ń rin bíi 120 kìlómítà nígbà tó wà ní tuntun, 80 ló ń rìn fún mi, tí mo bá tan ẹ́sì, kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn sí Èkó sì lé ní 120. Irú bátìrì tèmi, atẹ́gùn lásán ló ń tù ú, ooru sì máa ń jẹ irú ẹ̀ ju èyí tí omi ń yí ká lọ, ìyẹn nìkan ni ǹ bá ti béèrè kí n tó sanwó. Wáyà ṣáàjì tó bá a wá, ti Amẹ́ríkà ni, 110 fóltì, iná tiwa sì jẹ́ 230, mo tún lọ ra òmíràn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná. Ológunẹ́rù là ń gbé nígbà yẹn, fóltì ilé wa kì í ju 160 lọ lálẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé 10 ámpù, tí fóltì bá pé 230, ẹ máa rí 2.3 kílówáàtì, tó bá jẹ́ 160, 1.6 péré ni. Lílọ àtàbọ̀ yín lójúmọ́ á tó 40 kìlómítà, ìyẹn máa jẹ bíi yúníìtì 8, ẹ sọ pé wákàtí márùn-ún lórí iná tí ò lágbára, tí wọn ò bá mú iná lọ. Wọ́n ń mú un lọ. Mo wá gbé jẹnẹrétọ̀ jáde, ìgbà yẹn ni ojú mi là: jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń mú bíi yúníìtì méjì jáde nínú lítà epo kan, yúníìtì 8 yín á gba lítà mẹ́rin. Corolla tí ara ẹ̀ dá pé á fi lítà mẹ́rin yẹn kan náà rin 40 kìlómítà yín! Epo náà ni mo ṣì ń jó, mo kàn ń gba ọ̀nà jíjìn jó o ni, ariwo tún wà lórí ẹ̀.

Ẹ lè wá bi mí pé, "Sólà ńkọ́?" Ọ̀sán ni sólà ń mú iná wá, ọ̀sán sì ni mọ́tò yín máa wà ní Challenge.

Ní 2024 la kó lọ sí Àkóbọ̀, sí àdúgbò tó wà lórí Band A, iná ń tó wákàtí 20 lójúmọ́, gbogbo nǹkan wá yí padà. Yúníìtì kan lé díẹ̀ ní ₦200, ìrìn 40 kìlómítà ò gbà mí tó ₦2,000, nígbà tí lítà epo kan ti kọjá ₦1,000 níparí ọdún yẹn. Mo ṣì ń fi mọ́tò náà gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé di báyìí, ṣùgbọ́n mo ní láti ra elépo mìíràn fún ìrìn ọ̀nà jíjìn. Tó bá bàjẹ́ náà, ṣọ́ọ̀kì àti táyà ẹ máa rí, bátìrì kékeré 12 fóltì tó ń jí i lówùúrọ̀ náà ẹ máa rí, àmọ́ ohun tó bá ti kan bátìrì ńlá, mo ti yí gbogbo Agodi Gate po, mi ò rẹ́ni tó mọwọ́ ẹ̀.

Nítorí náà, tí iná Mọ́níyà yín ò bá tó wákàtí 20, ẹ má dán an wò. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi tẹmosítáàtì padà, ojúlówó ni o, kí wọ́n fọ rédíétọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ọmọrí ẹ̀, kí wọ́n da kúláǹtì (oògùn rédíétọ̀ tí kì í jẹ́ kó dípẹtà) sí i, ìdajì kúláǹtì ìdajì omi mímọ́, kí wọ́n sì rí i pé fáànù ń yí. Ẹ dúró tì wọ́n níbẹ̀, ẹ má lọ sílé. Lẹ́yìn náà, ẹ ra epo kún táǹkì, ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti rà á kẹ́ ẹ tún rọ ọ́ kún, ẹ fi iye kìlómítà tẹ́ ẹ rìn pín iye lítà tó wọlé, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Tó bá ṣì ń mu ju lítà 12 lọ lórí 100 kìlómítà, kí wọ́n yẹ plọ́ọ̀gì, fílítà atẹ́gùn àti sẹ́ńsọ̀ èéfín wò, ẹ ní kí wọ́n wọn atẹ́gùn táyà náà. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ bá rí síbí fún mi, màá dá yín lóhùn.